Sípíríǹgì Fáàfù: Ìtàn Irin Tí Ń Ti Ilẹ̀kùn Ẹ́ńjìnnì

Láàárín gbogbo irin tí a kó jọ sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó ṣòro láti rí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó ti sípíríǹgì fáàfù tí àdánù tí ó lè fà sì pọ̀ tó tirẹ̀. Fáàfù ni ilẹ̀kùn kékeré onírin tí ó wà ní orí sílíńdà, ní apá ibi tí àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Nàìjíríà ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ọ̀kan a máa ṣí kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé, èkejì a máa ṣí kí èéfín lè jáde. Ohun tí ń ṣí i ni káàmù, ìyẹn kókó irin tí ó yọ gọngọ lára ọ̀pá tí ń yí, ṣùgbọ́n káàmù mọ títẹ̀ nìkan, kò mọ fífà; nígbà tí kókó náà bá ti kọjá, sípíríǹgì ni ó gbọ́dọ̀ dá fáàfù padà sí ìjókòó rẹ̀, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí písítìnì tó gòkè dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tí ọrun ń ṣe fún ọfà tí tàkúté sì ń ṣe fún ọdẹ náà ni: ohun tí a fi ipá tẹ̀ yóò fi ipá padà. Àmọ́ kò sí ọdẹ tí ń fa ọrun rẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan ń tẹ sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú náà, ìyẹn 180,000 ní wákàtí kan, kí wákàtí mẹ́fà sì tó pé, iye ìtẹ̀ náà ti kọjá mílíọ̀nù kan. Bí àwọn ènìyàn ṣe wá mọ èyí tí a lè fọkàn tán nínú irú irin bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún àti ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí gbogbo wọn kọ́kọ́ rò ni pé èyí tí ó bá le jù ni yóò dára jù.

Òfin tí ó de ìṣesí sípíríǹgì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ọkọ̀ tó dé ayé. Ní ọdún 1678 ni Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé bí a bá ti tẹ sípíríǹgì tó tàbí bí a bá ti nà án tó ni agbára tí yóò fi padà yóò ti pọ̀ tó. Òfin náà péye, orí rẹ̀ sì ni ìṣirò gbogbo àwọn tí ń ṣe sípíríǹgì dúró lé títí di òní, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa iye ìgbà tí a lè tẹ irin kan kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni ó wá béèrè ìbéèrè yẹn.

Kò tètè béèrè rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ́ńjìnnì ìbẹ̀rẹ̀ kò yára. Nínú èyí tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1885, fáàfù tí èéfín ń gbà jáde nìkan ni ó ní káàmù. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jẹ́ adáṣí, ìyẹn ni pé písítìnì tí ń sọ̀kalẹ̀ a fa afẹ́fẹ́, ìfà náà a sì fa fáàfù sílẹ̀, tí sípíríǹgì rẹ̀ fi ní láti rọ̀ púpọ̀ kí èémí lásán lè borí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sáré wà láàárín ìṣòro méjì: bí sípíríǹgì bá rọ̀ jù, fáàfù kì yóò tètè padà, bí ó bá sì le, fáàfù kì yóò ṣí tó, afẹ́fẹ́ yóò sì wọ́n ẹ́ńjìnnì. Ilé iṣẹ́ De Dion-Bouton ní ilẹ̀ Faransé fi fáàfù adáṣí dé nǹkan bí ìyípo 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó jẹ́ ìyanu nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mercedes tí Maybach yà, tí ó jáde ní ọdún 1901 pẹ̀lú agbára ẹṣin 35, fi káàmù ṣí fáàfù méjèèjì, láti ìgbà náà ni sípíríǹgì sì ti lè le bí ó bá ti wu ẹni tí ó ṣe é, nítorí pé irin ni ó ń tẹ̀ ẹ́ báyìí.

Àwọn olùdíje ni wọ́n kọ́kọ́ lo òmìnira yìí dé góńgó. Ní ọdún 1912, ní ìlú Dieppe, Georges Boillot wa Peugeot borí nínú ìdíje Grand Prix ilẹ̀ Faransé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, tí orúkọ Ernest Henry so mọ́, ní ọ̀pá káàmù méjì ní orí, sílíńdà kọ̀ọ̀kan sì ní fáàfù mẹ́rin. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Jules Goux gbé Peugeot bẹ́ẹ̀ lọ sí Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ó sì borí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àǹfààní fáàfù mẹ́rin ni pé fáàfù kékeré fúyẹ́ ju ńlá lọ, ohun tí ó fúyẹ́ kò sì nílò sípíríǹgì líle láti dá a padà. Ẹ̀kọ́ náà, pé kí a dín ẹrù kù kí a tó máa wá alágbára tí yóò rù ú, wà nínú irin yẹn ní gbangba, síbẹ̀ yóò tó ìran méjì kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ra sípíríǹgì tó gbà á.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí sípíríǹgì kò bá tó iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Bí káàmù ti ń yára sí i, fáàfù a máa fò kọjá ibi tí káàmù gbé e dé, a léfòó láàárín, sípíríǹgì kò sì lè lé káàmù bá mọ́. Fáàfù a wá já lu ìjókòó rẹ̀ bí òòlù, a tún ta padà, ẹ́ńjìnnì a sì pàdánù agbára rẹ̀ lójijì. Bí kò bá sí oríire, písítìnì lè gbá a. Ìwòsàn tí ó kọ́kọ́ wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn ni kí wọ́n fi sípíríǹgì tí ó le jù bẹ́ẹ̀ sí i, òun ni wọ́n sì ṣe, tí àwọn sípíríǹgì líle náà sì ń kán.

Ìdí tí wọ́n fi ń kán ti wà nínú ìwé tipẹ́, ní ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn. Láti àwọn ọdún 1850 títí di 1870 ni August Wöhler, ẹlẹ́rọ ọkọ̀ ojú irin ní Prussia, ti ń dán ọ̀pá àgbá kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin wò, tí ó sì fi hàn pé irin tí ó lè gba ẹrù kan lẹ́ẹ̀kan láìṣe nǹkan kan lè kán lábẹ́ ẹrù tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá ń gbé e lé e léraléra. A lè pe èyí ní àárẹ̀ irin. Àárẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ara irin lẹ́ẹ̀kan náà; ojú kan ni, ibi tí irin ti há tàbí tí ojú rẹ̀ ti họ, ni ìlà tín-ín-rín ti máa ń là, tí yóò sì máa jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ìyókù kò fi ní lè dúró mọ́. Sípíríǹgì tí ó le jù ni a ń fún ní ìnira jù ní gbogbo ìtẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó rà á nítorí kí fáàfù má bàa léfòó lè jẹ́ pé ikú ojijì ni ó fi pààrọ̀ àìsàn.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ, ojú lásán kò sì lè rí i. Sípíríǹgì fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n, nígbà tí káàmù bá sì gbá orí rẹ̀ lójijì, ìgbì kan a gbéra láti òrùka àkọ́kọ́, a máa rìn láti òrùka sí òrùka dé ìsàlẹ̀, a sì tún padà sókè, gẹ́gẹ́ bí okùn tí a so mọ́ igi ṣe máa ń jà nígbà tí a bá jù ú gbọn. Bí àkókò ìgbì náà bá bá àkókò káàmù mu, ìgbì a máa gun ìgbì, àwọn òrùka àárín a máa lu ara wọn, agbára tí ó kù láti di fáàfù mú ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn a sì kéré púpọ̀ sí èyí tí ìṣirò Hooke sọ. Àwọn tí ń ṣe alùpùpù Velocette ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ojú rí i. Ní àárín àwọn ọdún 1920, Percy Goodman lo ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn tí ń kú ní ìbámu pẹ̀lú ìyípo ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí ó máa ń jẹ́ kí ohun tí ń sáré dàbí ẹni pé ó dúró, láti wo fáàfù àti sípíríǹgì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n yà sórí pépà àti ohun tí irin ń ṣe kì í ṣe ohun kan náà. Wọ́n tún un ṣe. Ní ọdún 1926 Alec Bennett gun Velocette borí nínú ìdíje Junior TT ní Isle of Man, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ẹni tí ó tẹ̀lé e, àlàfo tí kò wọ́pọ̀ nínú eré ìje.

Àwọn mìíràn kọ òrùka sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n tẹ wáyà irin bí píìnì tí àwọn obìnrin fi ń de irun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan di ara sílíńdà mú tí èkejì sì gbé fáàfù sókè. Ìwọ̀n tí ó ń rìn pẹ̀lú fáàfù kéré báyìí, ìgbì kò sì ráyè rìn nínú rẹ̀ bíi ti olórùka. Àwọn alùpùpù Norton tí a ń fi díje lò ó ní gbangba ìta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń tù ú, Ferrari sì lò ó nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjìlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947. Ṣùgbọ́n ó gba àyè, àyè náà sì ni bóòtù tí ó yẹ kí ó de orí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ nílò. Nígbà tí Ferrari ń ṣe 250 Testa Rossa ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó padà sí olórùka.

Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí sípíríǹgì má sí rárá. Delage ti gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1914, Mercedes-Benz sì ṣe é yanjú nínú ọkọ̀ W196 tí Juan Manuel Fangio fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 1954 àti 1955: káàmù kan ń ṣí fáàfù, káàmù kejì ń tì í, kò sì sí ohun tí ó lè léfòó. Ní Ítálì, Fabio Taglioni mú ọgbọ́n yìí wọ alùpùpù Ducati ní ọdún 1956, láti ọdún 1968 sì ni ilé iṣẹ́ náà ti ń tà á fún ará ìlú. Owó iṣẹ́ rẹ̀ àti ìtúnṣe tí ó ń fẹ́ kò jẹ́ kí ó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ́tò.

Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ́tò ni ìtàn yíyan sípíríǹgì ti gba ọ̀nà tirẹ̀, pàápàá jù lọ ní gúúsù Califọ́níà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sáré lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún nígbà kan, ní Muroc àti El Mirage, kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní ọdún 1951 láti fi òfin de eré ìje náà. Ní ọdún 1955 Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ jáde lábẹ́ àkóso Ed Cole, èyí tí rọ́kà rẹ̀, ìyẹn apá irin tí ń gbé ìtẹ̀ káàmù dé orí fáàfù, jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ó sì fúyẹ́. Nítorí ìfúyẹ́ yìí, ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ràn eré, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kò pẹ́ tí ọjà káàmù àfikún fi gbilẹ̀ yí i ká. Ẹni tí ó bá ra káàmù tí kókó rẹ̀ ga sí i a gbé e sínú ẹ́ńjìnnì, a sì fi sípíríǹgì ilé iṣẹ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Nígbà tí káàmù bá gbé fáàfù ga ju bí wọ́n ti ṣètò sípíríǹgì náà fún lọ, òrùka a kan òrùka, sípíríǹgì a di òpó irin kan ṣoṣo, ọ̀pá tí ń ti rọ́kà a sì wọ́.

Àwọn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí lọ ra èyí tí ó le jù lọ ní orí àtẹ. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́: nínú ẹ́ńjìnnì Chevrolet ti ìgbà náà, orí bóòtù tí a fi ipá tì wọ inú tọ́ọ̀pù sílíńdà, láìsí eyín tí a fi ń yí i wọlé, ni rọ́kà jókòó lé, sípíríǹgì líle a sì máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀, kókó káàmù a jẹ lọ láàárín wákàtí mélòó kan, ooru ìfarakínra a pọ̀ sí i, agbára ẹ́ńjìnnì a sì dínkù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń sanwó títẹ sípíríǹgì. Inú àdánù yìí ni àṣà tí ó wà títí di òní ti jáde, pé kí ẹni tí ń ta káàmù máa ta sípíríǹgì tí a dán wò pẹ̀lú káàmù yẹn gan-an, kí ẹni tí ń rà á má sì ya wọ́n. Ó ṣòro láti rí ìmọ̀ràn tí ó dára ju èyí lọ fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìdánwò.

Èdè ọjà náà dá lórí ìwọ̀n mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni agbára ìjókòó, ìyẹn ipá tí sípíríǹgì fi di fáàfù mú nígbà tí ó bá wà ní títì. Èkejì ni agbára ìṣísílẹ̀, ìyẹn ipá rẹ̀ nígbà tí káàmù bá gbé e dé òkè téńté. Ẹ̀kẹta ni gíga ìfisípò, ìyẹn bí sípíríǹgì ti ga tó lẹ́yìn tí a bá dè é sí ààyè rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí kò ní sùúrù máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó ń sọ méjì ìyókù di òótọ́ tàbí irọ́, nítorí pé sípíríǹgì kan náà tí a bá fi sí ipò tí ó fi mílímítà kan ṣoṣo kúrú yóò le ju ohun tí a kọ sára páálí rẹ̀ lọ. Àṣà àtijọ́ ni kí àlàfo tí ó tó nǹkan bíi mílímítà kan àti ààbọ̀ kù láàárín gbogbo òrùka àti ìfarakanra nígbà tí fáàfù bá ṣí tán. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún eré ìje NASCAR rí i pé bí a bá jẹ́ kí òrùka súnmọ́ ara wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìkan, ìgbì inú sípíríǹgì a máa kú níbẹ̀. Wọ́n lè rí i nítorí pé láti àwọn ọdún 1990 ni ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní Spintron ti ń fi iná mànàmáná yí ẹ́ńjìnnì láìsí epo, tí ó sì ń fi ìtànṣán wọn ìrìn fáàfù, ọmọ-ọmọ ìmọ́lẹ̀ Goodman ni a lè pè é.

Ìgbì yìí kan náà ni ó fà á tí wọ́n fi ń ki sípíríǹgì kékeré bọ inú ńlá, tí wọ́n sì ń wé ti inú sí apá òdìkejì kí òrùka wọn má bàa há síra wọn; nígbà mìíràn wọ́n tún fi irin pẹlẹbẹ kan sáàárín kí ó máa fi ara ra wọn, kí ó sì pa ìgbì. Ti onísípíríǹgì méjì ní oore kan tí a kì í sọ nínú ìpolówó: bí ti òde bá kán, ti inú lè di fáàfù mú títí awakọ̀ yóò fi pa ẹ́ńjìnnì. Sípíríǹgì tí a ṣe bí ilé oyin, tí orí rẹ̀ kéré ju ìdí lọ, fúyẹ́, ìgbì kò sì lè rí ọ̀nà tààrà rìn nínú rẹ̀ nítorí pé òrùka rẹ̀ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó máa ń dá wà. Ìdúróṣinṣin irin rẹ̀ ni ohun gbogbo gbé lé.

Irin náà sì ni ó yí padà jù lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí i. Wọ́n kúrò lórí wáyà irú ti dùùrù, wọ́n lọ sí irin tí a po krómíọ́mù àti fánádíọ́mù mọ́, láti ibẹ̀ wọ́n dé ti krómíọ́mù àti sílíkọ́nì, tí ó ń fara da ooru jù. Ní ìparí àwọn ọdún 1920 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, wọ́n ṣàwárí pé bí a bá fi ọta irin kéékèèké lu ojú sípíríǹgì bí òjò, awọ òde rẹ̀ a funra pọ̀, ìlà àárẹ̀ a sì ṣòro láti là níbẹ̀. Sípíríǹgì fáàfù ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí ṣòwò lé lórí ní Amẹ́ríkà, John Almen ti General Motors ni ó sì wá ọ̀nà láti wọn bí ìlù náà ti múná tó. Nígbà tí ojú irin ti wá mọ́ tí ó sì ti le, àárẹ̀ bá ọ̀nà mìíràn gbà. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé: ẹ̀gbin bíńtín tí ó kù nínú irin láti ìgbà tí wọ́n ti yọ́ ọ, tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tó láti bẹ̀rẹ̀ ìlà àárẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ibi tí ń fa wáyà tí ó mọ́ jù lọ fi kéré ní ayé, tí Garphyttan ní ilẹ̀ Sweden sì jẹ́ ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ ṣe pàtàkì láàárín àwọn tí ń ṣe sípíríǹgì. Ní ọdún 2018 Subaru pe nǹkan bí 400,000 ọkọ̀ padà káàkiri ayé, tí Toyota 86 wà lára wọn, nítorí sípíríǹgì fáàfù tí ó lè kán. Nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, gbígbé ẹ́ńjìnnì jáde kúrò nínú ọkọ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń pààrọ̀ irin kékeré náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìran àwọn mẹkáníìkì tí ó kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kaduna ní ọdún 1975, mọ fáàfù dáadáa, nítorí pé lílọ fáàfù mọ́ ìjókòó rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n sípíríǹgì rẹ̀ kì í sábà dá wọn láàmú. Ẹ́ńjìnnì náà ti lo agbára rẹ̀ tán ní nǹkan bí ìyípo 5,000, ó sì ti di àṣà láti fọ sípíríǹgì tòkunbọ̀ pẹ̀lú pẹtiróòlù kí wọ́n tún dá a padà. Fún ọkọ̀ akérò, àṣà náà kò burú. Fún ẹ́ńjìnnì tí a fẹ́ kí ó sáré, iye ìtẹ̀ tí sípíríǹgì ti jẹ ní ilẹ̀ òkèèrè kò hàn lára rẹ̀. Ó lè ga tó tuntun, kí ó sì gba ìwọ̀n agbára tí ó yẹ lórí ẹ̀rọ, nígbà tí ìlà àárẹ̀ ti ń rìn nínú rẹ̀.

Àwọn tí owó wọn pọ̀ jù lọ ti fi irin sílẹ̀. Ní ọdún 1986 ni Renault, nípa ọgbọ́n Jean-Pierre Boudy, fi afẹ́fẹ́ tí a há mọ́lẹ̀ rọ́pò sípíríǹgì nínú ẹ́ńjìnnì tí Ayrton Senna fi díje nínú ọkọ̀ Lotus, èyí tí ìyípo rẹ̀ kọjá 12,000. Àárẹ̀ kì í mú afẹ́fẹ́, ìgbì kò sì ní òrùka tí yóò máa gùn, tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2006 ẹ́ńjìnnì Cosworth dé 20,000. Gbogbo Formula 1 ti tẹ̀lé e. Lójú pópó, ọ̀nà òdìkejì ni ìtàn náà gbà: ní ọdún 2020 Ducati, tí ó ti fi káàmù ti fáàfù fún ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ, gbé alùpùpù Multistrada V4 jáde pẹ̀lú sípíríǹgì onírin olórùka, ó sì sọ fún àwọn tí ń rà á pé ó di ìgbà tí wọ́n bá rìn 60,000 kìlómítà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà wo àlàfo fáàfù rẹ̀.